Ta Ló Gbé Epo Lọ Sí Táńkì Kejì? Bí Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Ṣe Ń Lo Táńkì Méjì

Ẹ jẹ́ ká ní ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń wa píkọ́ọ̀pù Ford F-150 tí wọ́n ṣe ní 1991. Táńkì epo méjì ló wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn: ọ̀kan wà láàárín, ọ̀kan wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ra epo sí méjèèjì, ó kún dé ẹnu. Ó tẹ súwíìṣì sí táńkì iwájú, ó wa ọkọ̀ lọ. Kò tíì rìn jìnnà tí epo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde látẹnu táńkì ẹ̀yìn, èyí tí kò tiẹ̀ lò rárá. Epo ń kán sí títì, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Géèjì táńkì iwájú sì ń já wálẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń fi họ́ọ̀sì fà á.

Kì í ṣe àlọ́ o. Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọlọ́kọ̀ débi pé Ford fúnra ẹ̀ ní láti pe irú àwọn ọkọ̀ yẹn padà wá fún àtúnṣe lọ́dún 1993. Kò sẹ́ni tó jí epo. Táńkì iwájú kò lu. Epo náà kàn ń padà sílé ni, àmọ́ ilé ẹlòmíì ló wọ̀.

Ọ̀nà àbọ̀ yẹn, ìyẹn páìpù tó ń dá epo padà sí táńkì, ni mo fẹ́ ká fojú sí. Tẹ́nì kan bá gbọ́ "táńkì méjì", á rò pé nǹkan kékeré ni: tí ọ̀kan bá tán, ẹ bọ́ sí èkejì, àbí? Bẹ́ẹ̀ ló rí lójú awakọ̀. Lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi fi méjì sí i?

Ẹ kọ́kọ́ ronú nípa ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ yìí. V8 ni púpọ̀ nínú wọn, ẹ́ńjìnnì ńlá oní-sìlíńdà mẹ́jọ tó ń lo kábúrétọ̀. Wọ́n máa ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀ ṣe ń mumi. Nígbà yẹn, kí píkọ́ọ̀pù rin máìlì 10 sí 12 lórí gálọ́ọ̀nù kan kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, pàápàá tó bá ru ẹrù. Gálọ́ọ̀nù àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi lítà 3.8, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.6. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò ẹ̀, lítà kan ò lè gbé ọkọ̀ yẹn ju kìlómítà 4 sí 5 lọ. Táńkì lítà 60 á gbé e lọ bíi kìlómítà 250 sí 300, ó tán nìyẹn. Fún ẹni tó ń sin màlúù ní Texas tàbí ní Montana, tó jẹ́ pé ọ̀nà ilé epo jìn, tí ọ̀nà ilé tún jìn, ìyẹn ò tó.

Kí ló dé tí wọn ò kàn fi táńkì ńlá kan sí i? Irin ni wọ́n fi ń ṣe táńkì nígbà yẹn. Wọ́n á tẹ irin pẹlẹbẹ méjì bí abọ́, wọ́n á dé ọ̀kan lé èkejì, wọ́n á jó o pọ̀. Irú táńkì bẹ́ẹ̀ ò lè ṣe kọ́rọkọ̀rọ gba inú kọ̀rọ̀. Abẹ́ píkọ́ọ̀pù sì ti kún: irin gbọọrọ méjì tó gbé ọkọ̀ ró, èyí táwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáásì, wà níbẹ̀, irin gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn wà níbẹ̀, sàlẹ́ńsà wà níbẹ̀. Àyè tó ṣẹ́ kù jẹ́ kéékèèké, wọn ò sì sí lójú kan. Torí náà, táńkì kéékèèké méjì rọrùn láti fi há síbẹ̀ ju ńlá kan lọ.

Nǹkan míì tún wà. Kó tó di àsìkò yẹn, inú ilé ọkọ̀ gan-an, lẹ́yìn ìjókòó, ni táńkì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù. Ẹ rò ó wò: èèyàn jókòó, ó gbé ẹ̀yìn ti epo bẹntiróòlù tó lé ní lítà 60, òórùn epo ń yọ́ wọlé, ó tún lè máa mu sìgá lọ! Nígbà tí General Motors tún àwọn píkọ́ọ̀pù Chevrolet àti GMC yà ní 1973, wọ́n gbé táńkì kúrò níbẹ̀, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, láàárín ṣáásì àti bọ́dì ìta. Ẹni tó bá sanwó kún un á gba èkejì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí àpò ẹrù méjì tí wọ́n so kọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nínú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn, táńkì kọ̀ọ̀kan ń gba gálọ́ọ̀nù 20, méjèèjì lápapọ̀ á gba nǹkan bíi lítà 150. Nígbà tó fi máa di 1980, Ford náà ti gbé tiẹ̀ sísàlẹ̀, àmọ́ inú ṣáásì ló gbé ọ̀kan sí, ó sì gbé èkejì sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn sọ́kàn, ó ṣì ń bọ̀.

Ọdún 1973 yẹn náà ni epo dá wàhálà sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo sọ pé àwọn ò ní tà fún Amẹ́ríkà mọ́ nítorí ogun tó wà láàárín Ísírẹ́lì àti Íjíbítì pẹ̀lú Síríà. Kíá ni ìlà gígùn dé sí àwọn ilé epo. Láwọn ìpínlẹ̀ kan, tí nọ́ńbà ọkọ̀ yín bá parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9, ẹ ò lè ra epo lọ́jọ́ tí déètì ẹ̀ jẹ́ 2, 4 tàbí 6. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn sí ìlà ilé epo rí ní Nàìjíríà, ẹ ò nílò àlàyé lórí èyí.) Ní 1979, ó tún ṣẹlẹ̀. Ẹni tó lè gbé lítà 150 kúrò nílé epo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rín ló ń rín.

Ìgbà tó jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i

Ètò tó kọ́kọ́ jáde kò ní ọgbọ́n kankan nínú. Páìpù kan wá láti táńkì àkọ́kọ́, páìpù kan wá láti táńkì kejì, àwọn méjèèjì pàdé lẹ́nu ẹ̀rọ kékeré kan tó wà nílẹ̀ ọkọ̀ nítòsí ìjókòó, páìpù kan sì jáde níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí ọwọ́ ẹ̀ sápá ọ̀tún, táńkì ọ̀tún ṣí. Ẹ yí i sápá òsì, táńkì òsì ṣí. Kò yàtọ̀ sí ẹ̀rọ omi.

Àwọn tó ń gun ọ̀kadà á sọ pé, "Ah, rìsáàfù nìyẹn!" Ó jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe òun. Táńkì kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀kadà. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni páìpù méjì tí gígùn wọn ò dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá ṣí i sí ti ojoojúmọ́, páìpù tó ga ló ń fa epo. Tí epo bá lọ sílẹ̀ ju orí páìpù yẹn lọ, ọ̀kadà á kọ́, ẹ óò bẹ̀rẹ̀, ẹ óò yí i sí rìsáàfù, páìpù kúkurú á wá máa fa èyí tó kù nísàlẹ̀. Epo kan náà, táńkì kan náà. Nínú píkọ́ọ̀pù, táńkì méjèèjì ò mọ ara wọn rárá. Kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ ju ẹ̀rọ tó wà láàárín wọn yẹn lọ.

Lọ́nà yìí, awakọ̀ lè máa lọ lórí eré, kí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́, kó yí ẹ̀rọ, kí epo tuntun dé, kí ẹ́ńjìnnì tún mú ohùn láìdúró. Àwọn àgbà tó wa irú ọkọ̀ yẹn fẹ́ràn láti máa ròyìn ẹ̀.

Ó dáa, kí ló wá sọ nǹkan yìí di ìṣòro?

Epo tí ẹ́ńjìnnì ò lò

Lára ẹ́ńjìnnì oní-kábúrétọ̀, pọ́ǹpù kékeré kan wà tó ní rọ́bà pẹlẹbẹ nínú. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ló ń ti ọwọ́ irin kan lára pọ́ǹpù yìí, tí rọ́bà náà á máa lọ, á máa bọ̀, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú. Ó ń fa epo láti táńkì, ó ń tì í sí kábúrétọ̀. Agbára ẹ̀ kò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìwọ̀n tí àwọn fọkanáísà fi ń wo afẹ́fẹ́ táyà wọ̀n ọ́n, á fún yín ní nǹkan bíi 4 sí 7. Táyà ọkọ̀ kékeré lásán máa ń tó 30.

Bẹntiróòlù máa ń tètè di oru tó bá gbóná. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì V8 sì gbóná bí ààrò. Tí epo bá dúró pẹ́ nínú páìpù tó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì, á hó, á di oru, pọ́ǹpù tó yẹ kó máa fa epo á wá máa fa afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ á kú lójú ọ̀nà lọ́sàn-án gangan, á kọ̀ kò jálẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi tutù. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ni pé wọn ò jẹ́ kí epo dúró. Pọ́ǹpù á máa gbé epo wá ju èyí tí kábúrétọ̀ nílò lọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù á gba páìpù tín-ín-rín kan padà sí táńkì, á sì gbé ooru àti oru dání lọ. Epo ń yí po bí omi inú rédíétọ̀.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí ọkọ̀ bá ní táńkì kan ṣoṣo, epo àbọ̀ ò lè ṣìnà, torí ilé kan ló wà. Tó bá di táńkì méjì, ẹ ò lè yí ọ̀nà àlọ nìkan mọ́. Tẹ́ ẹ bá ń fa epo láti táńkì ọ̀tún, àfi kí epo àbọ̀ náà lọ sí táńkì ọ̀tún. Bó bá lọ sí tòsì, ẹ ń gbé epo láti ọ̀tún lọ sósì nìyẹn, láìmọ̀. Tí tòsì bá sì ti kún tẹ́lẹ̀, ibo ni kó gbà? Ẹnu táńkì.

Torí náà, nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí awakọ̀ bá tẹ súwíìṣì: ọ̀nà àlọ, ọ̀nà àbọ̀, àti wáyà géèjì. Tí méjì bá yí tí ẹ̀kẹta kọ̀, wàhálà dé.

Fáàfù ẹlẹ́nu mẹ́fà

Ọ̀nà tí General Motors gbà wù mí jù, mo gbọ́dọ̀ sọ. Wọ́n so fáàfù kan mọ́ ṣáásì tó ní ẹnu mẹ́fà. Ẹnu méjì dojú kọ ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún epo tó ń lọ, ọ̀kan fún epo tó ń bọ̀. Méjì dojú kọ táńkì ọ̀tún, méjì dojú kọ tòsì, bákan náà. Nínú ẹ̀, mọ́tò kékeré kan tó ń lo iná bátìrì ló ń gbé ohun tó ń dínà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Tẹ́ ẹ bá tẹ súwíìṣì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ lè gbọ́ ìró ẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀ ń yí papọ̀ torí irin kan náà ló ń gbé wọn. Wọn ò lè ṣe ìpinnu tó yàtọ̀ síra.

Géèjì ló máa ń ya àwọn èèyàn ní wèrè. Nínú táńkì kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà tó ń léfòó lórí epo, irin tín-ín-rín sì so ó mọ́ wáyà kan tó ń dín iná kù tàbí tó ń fi kún un. Lọ́dọ̀ General Motors, tí táńkì bá gbẹ, ìdènà tí iná ń bá pàdé jẹ́ óòmù 0. Tó bá kún, ó jẹ́ óòmù 90. Géèjì kàn ń ka nọ́ńbà yẹn ni, kò rí epo sójú. Ẹ wá wò ó: ká ní wáyà já, tàbí ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ bọ́dì ọkọ̀ ti dípẹtà. Iná ò rí ọ̀nà gbà mọ́, ìdènà ti pọ̀ ju 90 lọ fíìfíì. Kí ni géèjì máa sọ? Pé ó kún! Á tiẹ̀ kọjá "kún" lọ. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ọkọ̀ ń sọ fún yín pé kò séwu. Ford lo òdì kejì: nínú àwọn tó ṣe kó tó di àárín àwọn ọdún 1980, táńkì tó gbẹ jẹ́ nǹkan bíi óòmù 73, èyí tó kún jẹ́ 10. Níbẹ̀, wáyà tó bá já á sọ pé epo ti tán. Irọ́ ni àwọn méjèèjì pa, àmọ́ ti Ford ò ní já yín sílẹ̀ nínú aginjù.

Ìdí nìyẹn tí àwọn rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ fi máa ń wo ìdí wáyà kí wọ́n tó tú táńkì sílẹ̀.

Ìgbà tí pọ́ǹpù wọ inú táńkì

Láti àárín àwọn ọdún 1980, kábúrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá wọlé. Kọ̀ǹpútà kékeré àti íńjẹ́kítọ̀ ló gbapò ẹ̀, ìyẹn ẹnu tín-ín-rín tó ń fín epo bí ẹni fín lọ́fínńdà. Ford fi í sínú F-150 kan tó lo V8 ní 1985. Fífín yẹn gba agbára gan-an: lórí ìwọ̀n fọkanáísà, nǹkan bíi 35 sí 45. Pọ́ǹpù onírọ́bà ò lè ṣe é. Pọ́ǹpù oníná ni wọ́n wá gbé sínú táńkì, níbi tí epo á ti máa bò ó mọ́lẹ̀, tí á máa mú un tutù. Táńkì méjì, pọ́ǹpù méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀. Ká ní píkọ́ọ̀pù kan ń sáré máìlì 55 láàárín wákàtí kan, èyí tó jẹ́ òpin eré tí òfin Amẹ́ríkà fàyè gbà látọdún 1974 títí di 1987. Ká ní ó ń rin máìlì 15 lórí gálọ́ọ̀nù. Á lo nǹkan bíi lítà 14 láàárín wákàtí yẹn. Àmọ́ pọ́ǹpù oníná ò mọ iye tí ẹ́ńjìnnì fẹ́. Ìwọ̀n kan náà ló ń tì ṣáá, yálà ẹ ń gòkè tàbí ẹ dúró nínú gó-síló. Ká ní ó ń ti lítà 80 láàárín wákàtí kan. Mú 14 kúrò nínú 80, ó ku 66. Lítà 66 ló ń padà sí táńkì lójú kan náà.

Gbogbo táńkì iwájú ọkùnrin wa yẹn ò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọ̀nà àbọ̀ ọkọ̀ ẹ̀ bá ṣí sí táńkì òdì pátápátá, láàárín wákàtí kan péré ni á fi kó gbogbo epo ẹ̀ lọ síbòmíì. Láyé kábúrétọ̀, ìṣìnà bẹ́ẹ̀ á máa kán tó-tó-tó. Láyé íńjẹ́kítọ̀, odò ni.

Ó wá ku báwo ni ọ̀nà àbọ̀ Ford ṣe ń ṣìnà. Láti 1990, Ford yọ fáàfù àárín kúrò. Èrò wọn dáa lórí ìwé: níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé pọ́ǹpù wà nínú táńkì kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù fúnra ẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n kó pọ́ǹpù, géèjì àti fáàfù kékeré kan sínú ìdè kan ṣoṣo, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú táńkì. Tí pọ́ǹpù táńkì iwájú bá ń ṣiṣẹ́, píréṣọ̀ ẹ̀ á ti fáàfù, ọ̀nà àbọ̀ táńkì iwájú á ṣí. Táńkì ẹ̀yìn kò ní píréṣọ̀ torí pọ́ǹpù ẹ̀ ń sùn, sípíríìngì á sì mú ilẹ̀kùn tiẹ̀ pa. Kò sí mọ́tò, kò sí wáyà àfikún, ó sì fúyẹ́. Páìpù àlọ táńkì méjèèjì wá pàdé níta, ti àbọ̀ náà sì pàdé.

Ohun tó ń dáàbò bo gbogbo ètò yìí wá di rọ́bà àti sípíríìngì kéékèèké tó wà nínú bẹntiróòlù tọ̀sán-tòru. Tí ilẹ̀kùn àbọ̀ táńkì tó ń sùn bá há, tí kò pa tán, epo àbọ̀ á rí ilé méjì, á sì máa wọ èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tó bá sì jẹ́ fáàfù ọ̀nà àlọ ló ń jò, èyí tún burú: pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ á máa ti epo gba ẹ̀yìnkùlé wọ inú táńkì kejì tààrà, pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ìṣòro náà fi ń wáyé, ibì kan náà ni epo ń bá já.

Ẹ̀bi èrò yẹn kọ́, ní tèmi. Ẹ̀bi pé wọn ò ronú kan ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ilẹ̀kùn ò bá pa ni. Fáàfù ẹlẹ́nu mẹ́fà máa ń bà jẹ́ náà, àmọ́ tó bá há, ibi kan ló máa há sí, ọkọ̀ á sì kàn máa lo táńkì kan ṣoṣo. Epo ò ní ru síta.

Táńkì tó wà níta ṣáásì

Àmọ́ kí ẹ má rò pé mo ń pọ́n General Motors lé. Fáàfù wọn dáa. Ibi tí wọ́n gbé táńkì sí ló pa èèyàn.

Ṣáásì ni egungun ọkọ̀. Ohun tó bá wà nínú ẹ̀, irin gbọọrọ méjèèjì ló máa kọ́kọ́ gba ìyà tí wọ́n bá kọlu ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn píkọ́ọ̀pù Chevrolet àti GMC tí wọ́n ṣe láti 1973 sí 1987, ìta ṣáásì ni táńkì wọn wà, bọ́dì pẹlẹbẹ nìkan ló bò ó. Ẹni tó ní táńkì kan, ẹ̀gbẹ́ kan ló wà nínú ewu. Ẹni tó ní méjì, tọ̀tún-tòsì.

Ní 1989, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ń wa GMC 1985 lọ ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ẹnì kan tó ti mutí yó kọlù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ gbiná, ọmọ náà kú. Àwọn òbí ẹ̀ gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ ní Atlanta. Ní oṣù kejì 1993, àwọn ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí General Motors san owó tó lé ní mílíọ̀nù 105 dọ́là. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn.

Láàárín gbogbo èyí ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC fi ọwọ́ ara wọn ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ní oṣù kọkànlá 1992, wọ́n fi hàn lórí ètò Dateline bí ọkọ̀ kan ṣe kọlu irú píkọ́ọ̀pù yẹn tí iná sì sọ. Ohun tí wọn ò sọ fún àwọn òǹwòran ni pé wọ́n ti so ohun tó ń dáná mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ṣáájú. General Motors tú àṣírí ẹ̀ ní oṣù kejì 1993, NBC tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́jọ́ kejì, kò sì pẹ́ tí ọ̀gá ẹ̀ka ìròyìn wọn fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìyà tí ìyẹn fi jẹ àwọn tó ní ẹjọ́ òótọ́ ò kéré. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń sọ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ táńkì ẹ̀gbẹ́, torí ohun tí NBC ṣe. Ayédèrú iná kan ò sọ iná tó kù di ayédèrú.

Ilé-iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́ ọn pé àwọn ọkọ̀ náà bá òfin ààbò ìgbà tí wọ́n ṣe wọ́n mu. Ní oṣù kẹwàá 1994, Federico Peña, tó jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, sọ pé àbùkù ni ibi tí táńkì náà wà, àti pé nǹkan bí èèyàn 150 ló ti bá a lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe àdéhùn: General Motors á ná owó tó lé ní mílíọ̀nù 51 dọ́là lórí ètò ààbò ojú pópó, ìjọba á sì pa fáìlì dé. Wọn ò pe ọkọ̀ kankan padà. Nígbà yẹn, píkọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n gbé jáde fún ọdún 1988 ti gbé táńkì sínú ṣáásì. Táńkì kan ṣoṣo ni.

Ibi tí wọ́n lọ

Ford náà ṣíwọ́ táńkì méjì nígbà tó tún F-150 yà fún ọdún 1997. Ohun tó fa á kò le. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike líle ṣe táńkì, ike sì ṣeé fẹ́ bíi bàlúù sínú kọ̀rọ̀ èyíkéyìí, torí náà táńkì kan lè gba gálọ́ọ̀nù 25 tàbí 30. Ẹ́ńjìnnì ò mu epo tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Òfin lórí oru epo tó ń sá lọ sínú afẹ́fẹ́ náà ti le sí i, ó sì rọrùn láti ṣọ́ táńkì kan ju méjì lọ. Àwọn tírélà ńlá ṣì ń gbé méjì ní tiwọn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn páìpù so ìsàlẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí epo á fi máa dọ́gba.

Àwọn píkọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn ṣì wà lójú pópó ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rà wọ́n, torí irin wọn le, wọ́n sì rọrùn láti tún ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ má ra epo kún táńkì méjèèjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí táńkì ẹ̀yìn wà ní ìdajì, ẹ ṣàkọsílẹ̀ ibi tí géèjì ẹ̀ wà, kí ẹ wá fi táńkì iwájú wakọ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ yí súwíìṣì padà, kí ẹ tún wo géèjì ẹ̀yìn. Tó bá ti gòkè, epo ń ṣìnà nìyẹn. Ẹ yí i padà, kí ẹ dán ti iwájú náà wò bẹ́ẹ̀. Tí olówó ọkọ̀ bá sì sọ fún yín pé òun kì í lo táńkì kejì rárá, ẹ tú ìdérí ẹ̀, kí ẹ gbóòórùn ẹ̀. Bẹntiróòlù tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan á ti di ohun tó ń fà bí oje igi, á máa rùn bí ọ̀dà àtijọ́, ìpẹtà irin á sì wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ súwíìṣì sí táńkì yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ìdọ̀tí yẹn á bá ọ̀nà lọ sí ẹ́ńjìnnì.